Bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó lẹ̀ pa, àti pípààrọ̀ bóòtù, nọ́ọ̀tì àti ríìmù lára ọkọ̀ tó ti pẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ń wa Golf, Benz V-boot, BMW àti Peugeot 406 máa ń béèrè léraléra la kó jọ síbí. Níbi tí ọ̀rọ̀ Toyota, Honda àti Nissan bá ti yàtọ̀, a sọ ọ́.

Ṣé bóòtù ni ọkọ̀ mi ń lò ni, àbí nọ́ọ̀tì?

Bí ẹ bá tú u, tí orí àti irin gígùn rẹ̀ jáde pọ̀, tó wá ku ihò lásán lára họ́ọ̀bù (irin àárín tí ríìmù ń jókòó lé), bóòtù ni. Bó bá jẹ́ orí nìkan ló wá sọ́wọ́ yín, tí irin kan ṣì yọ síta lára họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tì ni. Irin tó yọ síta yẹn là ń pè ní sítọ́ọ̀dù. Volkswagen, Audi, Mercedes-Benz, BMW, Opel àti Peugeot ń lo bóòtù. Toyota, Honda, Nissan, Mazda, Hyundai àti Kia ń lo nọ́ọ̀tì.

Ẹ mọ èyí tí ọkọ̀ yín ń lò dáadáa, torí owó ló ń bá a lọ. Bí tírẹ́ẹ̀dì (ìlà lílọ́ tí bóòtù tàbí nọ́ọ̀tì fi ń yí wọlé) bá jẹ lára ọkọ̀ onínọ́ọ̀tì, sítọ́ọ̀dù kan lẹ máa pààrọ̀. Bó bá jẹ lára ọkọ̀ olóbóòtù, họ́ọ̀bù gan-an ló bàjẹ́ yẹn.

Kí ló ń jẹ́ kí bóòtù lẹ̀ pa bẹ́ẹ̀?

Ìpẹtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ dárúkọ, òótọ́ sì ni. Ní Kánádà, àríwá Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti rìn nínú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbé ìpẹtà rẹ̀ wá láti ọ̀hún, kó tó gba Cotonou tàbí Apapa wọlé. Afẹ́fẹ́ òkun ní Badagry àti Lẹ́kí náà ò sì bá irin ṣọ̀rẹ́.

Àmọ́ lójú tèmi, àdèjù ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ ti rí fọ́kánáísà tó gun orí wíìlì sípánà, tó ń fò lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tó wọn kílò 80, tó dúró sí ìdí sípánà tó gùn ní ìdajì mítà, ti ń dè é ní nǹkan bí 390 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìdè). 110 Nm péré ni Golf 3 fẹ́. Bóòtù tó gba irú ìyà yẹn á fà, kò sì ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá di ọjọ́ tí táyà jò lójú ọ̀nà Ìbàdàn lóru, ẹ̀yin lẹ máa jìyà rẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ló yẹ kó wà nínú búùtù?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà, èyí tó dúdú tó sì nípọn. Olójú méjìlá máa ń di igun orí bóòtù mú nìkan, á sì yọ ọ́ di róbótó. Ọ̀pọ̀ Volkswagen, Benz àti BMW àtijọ́ ń gba 17 mílímítà, Honda ń gba 19, Toyota àti Nissan ń gba 21. Ẹ fi páwà háńdù (ọwọ́ irin tí a fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì) tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà kún un, àti páìpù irin tó lè wọ ìdí rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírin, àti òòlù tó wọn kílò kan.

Sípánà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dára, torí ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi yí i, agbára yín á sì dọ́gba. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tirẹ̀ kan ọkọ̀ yín, ẹ yẹ inú ẹnu rẹ̀ wò. Bí igun inú rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ ní kó gbé e padà, kódà bó bá bínú.

Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sórí jáàkì?

Rárá o. Ẹ fa háńdù bíríìkì, ẹ fi òkúta tàbí igi dí ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì, kí ẹ sì dẹ bóòtù kọ̀ọ̀kan díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti dẹ̀ lẹ óò tó gbé jáàkì. Ẹni tó ń fi páìpù wa bóòtù lára ọkọ̀ tó wà lókè ń pe ọkọ̀ lé ara rẹ̀ lórí ni. Bí ẹ bá gbé e sókè tán, ẹ ti táyà àpọ̀jù sábẹ́ ara ọkọ̀. Bí jáàkì bá yẹ̀, táyà ni ọkọ̀ á jókòó lé.

Mo ti fi gbogbo agbára mi sí i, kò mì. Kí ló kàn?

Ẹ dáwọ́ dúró ná. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìdí orí bóòtù, kí ẹ sì fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé títí tó fi kan ìsàlẹ̀. Ìdọ̀tí díẹ̀ tí kò jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé tán ló ń ba orí bóòtù jẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ wà tí bóòtù apá òsì rẹ̀ ń tú sí apá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí lẹ́tà L lórí rẹ̀, ẹ rántí èyí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Lára ọkọ̀ onínọ́ọ̀tì, WD-40 tàbí ọ́ìlì ayọpẹtà mìíràn á tètè dé ibi tírẹ́ẹ̀dì wà. Lára ọkọ̀ olóbóòtù, inú họ́ọ̀bù ni tírẹ́ẹ̀dì wà, ọ́ìlì tí ẹ fọ́n síwájú kì í sábà dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣóńṣó bóòtù máa ń hàn lẹ́yìn họ́ọ̀bù. Ẹ fọ́n ọn síbẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bo díìsìkì bíríìkì, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń po ọ́ìlì pupa ti gíà ọ́tò àti acetone pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ acetone ń tètè gbiná, ẹ má mú sìgá tàbí iná súnmọ́ ọn.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi òòlù lu orí bóòtù gbọnrangandan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin; ìgbọ̀nrìrì yẹn ló ń já ìpẹtà. Ẹ kọ́kọ́ dè é sí i díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá tú u. Ẹ fi páìpù gígùn tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìjà á, kí etí yín sì wà níbẹ̀. Bóòtù tó fẹ́ tú á dún “ká!” lẹ́ẹ̀kan, ìró líle tó gbẹ. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí sípánà bá ń lọ tí kò dún, tó rọ̀ bíi pé rọ́bà lẹ ń yí, bóòtù ń lọ́ ni, díẹ̀ ló kù kó kán. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ padà sídìí ọ́ìlì.

Bó bá ti tú díẹ̀ tó ń han, ẹ má fà á jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa yí i síwá-sẹ́yìn, kí ẹ sì máa fi ọ́ìlì sí i. Báyìí lẹ óò fi dáàbò bo tírẹ́ẹ̀dì inú họ́ọ̀bù.

Orí bóòtù ti di róbótó ńkọ́?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí eyín inú rẹ̀ lọ́, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń tú u ló ń jẹ bóòtù lára sí i. Ẹ fi òòlù gbá a mọ́ ọn, kí ẹ sì fi páwà háńdù tú u. Bí ẹ ò bá ní i, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjìlá tó kéré sí i díẹ̀, 16 fún orí tó jẹ́ 17, kí ẹ gbá a wọlé. Èyí nìkan ni mo fọwọ́ sí pé kí olójú méjìlá ṣe. Bóòtù náà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì lè má ṣe é lò mọ́, àmọ́ ríìmù yín á yè. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ bóòtù lára ríìmù alloy (ti alúmínì). Ibi tí bóòtù ń jókòó sí ló máa ha.

Nọ́ọ̀tì mi ń dán, àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í wọ̀ ọ́ mọ́.

Nọ́ọ̀tì oníbòrí nìyẹn: irin lásán ló wà nínú, awẹ́ irin dídán ni wọ́n fi bò ó. Bí omi bá wọ àárín wọn, ìpẹtà á mú kó wú. 21 ò ní wọ̀ ọ́ mọ́, 22 á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ẹ tú gbogbo wọn, kí ẹ ra èyí tó jẹ́ irin kan ṣoṣo látòkèdélẹ̀.

Bóòtù oníkọ́kọ́rọ́ wà lára ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì sí.

Ẹ kọ́kọ́ wá a dáadáa. Ẹ wo inú àpótí iwájú, abẹ́ táyà àpọ̀jù àti inú fóòmù tí jáàkì ń sùn sí. Bí ẹ ò bá rí i, sọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín lílọ́ yẹn náà ló kàn. Bó bá tú, ẹ yọ gbogbo bóòtù oníkọ́kọ́rọ́ yòókù, kí ẹ sì fi bóòtù gbogboogbò rọ́pò wọn.

Bóòtù ti tú tán, àmọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò kúrò.

Alúmínì ríìmù àti irin họ́ọ̀bù ló ti mú ara wọn láàárín. Ẹ dá bóòtù padà, kí ẹ dẹ gbogbo wọn ní yíyí méjì, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá wà á síwájú àti sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìdajì mítà. Á já fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ fi gìgísẹ̀ ta táyà lápá òsì àti ọ̀tún, pẹ̀lú bóòtù méjì tó ṣì dì í mú. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ lù ú.

Bó bá ti kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ojú họ́ọ̀bù àti ẹ̀yìn ríìmù títí wọn óò fi dán, kí ẹ fi gíríìsì tín-ín-rín pa etí ihò àárín nìkan.

Ṣé wẹ́dà lè fi iná yọ bóòtù nígbà tí táyà ṣì wà lórí rẹ̀?

Kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá gbóná ríìmù tí táyà wà lórí rẹ̀, rọ́bà inú táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ọwọ́ iná tó hàn síta, gáàsì tó ń gbiná á sì kún inú rẹ̀. Ó lè bú gbàmù lẹ́yìn tí wẹ́dà ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò pàápàá. Irú ìbúgbàmù yìí ti pa òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Títú afẹ́fẹ́ inú táyà nìkan kò sọ ọ́ di ohun tí kò léwu.

Lílu ihò sí orí bóòtù láti àárín ni kí ẹ ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ìlu kékeré, kí ẹ máa pọ̀ ọ́ sí i títí orí bóòtù á fi já kúrò, ríìmù á sì bọ́. Ó ń gba àkókò, àmọ́ kò pa ẹnikẹ́ni. Bí ríìmù àti táyà bá ti jìnnà, wẹ́dà lè wá jó nọ́ọ̀tì mọ́ kùkùté bóòtù tó kù. Ẹ tú okùn bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ooru lè ba gíríìsì béárìn àti sẹ́ńsọ̀ ABS jẹ́.

Bóòtù kán, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú họ́ọ̀bù.

Ẹ má sọ̀rètí nù. Orí bóòtù tó ń fa ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù ló jẹ́ kó le bẹ́ẹ̀. Bí orí bá ti lọ, ìfà yẹn ti tán, ọ̀pọ̀ kùkùté sì máa ń tú pẹ̀lú páláyà agbámú lásán. Bí kò bá yọ síta rárá, ẹ sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an, kí ẹ fi ẹnu ìlu tó ń yí sápá òsì lu ú. Ó ṣeé ṣe kó yí jáde kí ihò tó tán.

Bí tírẹ́ẹ̀dì họ́ọ̀bù bá ti jẹ, ẹ wá họ́ọ̀bù mìíràn ní Ládípọ̀ tàbí ní Àrárọ̀mí lágbègbè Agodi Gate. Ẹ má gbà kí wọ́n lu ihò M12 (ti bóòtù tó nípọn mílímítà 12) di M14 kí bóòtù títóbi lè wọ̀ ọ́, torí ihò ríìmù yín kò gba ìyẹn. Ẹ má sì wa ọkọ̀ olóbóòtù mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́ta.

Ti onínọ́ọ̀tì rọrùn. Ẹ fi òòlù lé sítọ́ọ̀dù tó kán sẹ́yìn, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, kí ẹ kó wáṣà lé e níwájú, kí ẹ wá fi nọ́ọ̀tì fà á títí tó fi jókòó. Fífà ni kí ẹ fà á, ẹ má fi òòlù gbá a wọlé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ bóòtù tuntun tó bá ọkọ̀ mi mu?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tírẹ́ẹ̀dì. Golf 1 dé Golf 3, Benz 190, Benz V-boot àti BMW E36 ń lo M12x1.5 (nọ́ńbà kejì ni bí ìlà tírẹ́ẹ̀dì ṣe jìnnà síra ní mílímítà). Golf 4 ń lo M14x1.5. Peugeot 406 ń lo M12x1.25. Bákan náà ni Toyota àti Honda ń lo nọ́ọ̀tì M12x1.5, tí Nissan sì ń lo M12x1.25. Bóòtù Golf 3 àti ti Peugeot jọra lójú, àmọ́ bí ẹ bá fi ọ̀kan sí ihò èkejì, tó bá wọlé ní yíyí méjì, á há. Ẹni tó bá fi sípánà tì í látibẹ̀ ti ba họ́ọ̀bù jẹ́ nìyẹn. Ìka ọwọ́ nìkan ló yẹ kó yí bóòtù tuntun wọlé títí tó fi jókòó.

Ibi tí bóòtù ń jókòó sí lára ríìmù ló tẹ̀ lé e, òun sì ni àwọn èèyàn kì í wò. Ìdí orí bóòtù Volkswagen, Audi àti Benz rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù. Ti BMW àti Opel rí ṣóńṣó bọ̀ wá sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ ríìmù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ti ríìmù alloy Peugeot àti ọ̀pọ̀ Toyota tẹ́jú, ó ní wáṣà. Bí ẹ bá fi èyí tó rí ṣóńṣó sínú ihò róbótó, etí kan tín-ín-rín ló máa kan ríìmù, á sì dẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi bírò máàkà kun ìdí orí bóòtù, ẹ dè é níwọ̀nba, kí ẹ tú u. Bí kíkun bá ha ní bẹ́líìtì fífẹ̀ yíká, ó bá ara wọn mu. Bó bá jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn náà ni gígùn. M12x1.5 gbọdọ̀ yí tó ìgbà mẹ́fà àbọ̀ kó tó jókòó, M14x1.5 tó méje àbọ̀, M12x1.25 tó mẹ́jọ. Èyí tó gùn jù náà léwu. Inú díìsìkì ẹ̀yìn Benz V-boot ni háńdù bíríìkì wà, bóòtù tó gùn jù á sì máa gé e jẹ. Bóòtù ríìmù alloy Benz gùn ju ti ríìmù onírin lọ, nítorí náà bí táyà àpọ̀jù yín bá jẹ́ onírin, ẹ kó bóòtù kúkúrú rẹ̀ pa mọ́ sínú búùtù. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ fọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà lórí jáàkì, kí ẹ gbọ́ bóyá ohun kan ń ha.

Ṣé kí n fi gíríìsì sí tírẹ́ẹ̀dì, kó lè rọrùn lọ́la?

Ẹ má fi sí i, àyàfi bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ bẹ́ẹ̀. Gbígbẹ ni wọ́n fi ṣírò agbára ìdè. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ń yọ̀, iye kan náà lórí sípánà tọ́ọ̀kì (èyí tó ń fi agbára ìdè hàn) á fa bóòtù ju bó ṣe yẹ lọ. Fífọ tírẹ́ẹ̀dì mọ́ àti dídè é níwọ̀n ló ń jẹ́ kó rọrùn lọ́la.

Golf 3 àti Benz V-boot fẹ́ 110 Nm, Golf 4 fẹ́ 120, Peugeot 406 fẹ́ 90, Toyota Corolla àti Camry fẹ́ 103, Honda Accord fẹ́ 108. Ẹ fò láti bóòtù kan sí èyí tó kọjú sí i, ẹ má tò ó yíká. Ẹ tún dè é wò lẹ́yìn 50 sí 100 kìlómítà. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ń lo gọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi tú u, àmọ́ kó fọwọ́ dè é.

Mo fẹ́ gbé ríìmù tó tóbi sí i wọ ọkọ̀ mi. Kí ni kí n wò?

Iye ihò àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Fún oníhò márùn-ún, ẹ wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi 1.701 sọ ọ́ di púpọ̀. 58.8 mílímítà jẹ́ 5x100 (ihò márùn-ún lórí òbírí tó fẹ̀ ní 100 mílímítà), 65.8 jẹ́ 5x112 ti Benz V-boot, 67.2 jẹ́ 5x114.3 ti Camry àti Accord, 70.5 jẹ́ 5x120 ti BMW. Ìyàtọ̀ 112 àti 114.3 kò tó mílímítà méjì lójú rúlà, ẹ lo vernier (irinṣẹ́ ìwọ̀n tó péye ju rúlà lọ). Fífi ipá dè wọ́n mọ́ra máa ń tẹ bóòtù wọ́, ó sì ń kán nígbà tó bá yá.

Ihò àárín náà ṣe pàtàkì. Ríìmù Golf 4 àti ti Corolla ọdún 2003 sí 2008 jẹ́ 5x100 méjèèjì, àmọ́ ihò Golf jẹ́ 57.1, ti Corolla jẹ́ 54.1. Ríìmù Corolla ò ní wọ Golf rárá. Ríìmù Golf á wọ Corolla, á sì máa mì bí ẹ ò bá fi òrùka ìdíhò sí i. Ìjókòó róbótó tí wọ́n ṣe fún bóòtù M14 kò sì bá nọ́ọ̀tì Corolla mu. Ẹ fi sílẹ̀.

Spacer (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù) ńkọ́, àti bóòtù tó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ihò lè bára mu?

Spacer tó dára, tó ní etí àárín tirẹ̀, kò burú. Bó bá nípọn 20 mílímítà, bóòtù gbọdọ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 20 mílímítà. Ẹ má gbé méjì léra. Ti bóòtù oníyíyẹ̀, mi ò fọwọ́ sí i lára ọkọ̀ tó ń rin títì tó ní kòtò bíi tiwa.

Ṣé ó yẹ kí n sọ ọkọ̀ olóbóòtù di onísítọ́ọ̀dù?

Àwọn oníBMW fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní àǹfààní. Ríìmù á rọrùn láti gbé kọ́, nọ́ọ̀tì ló sì máa jẹ dípò họ́ọ̀bù. Kí nọ́ńbà agbára irin tó wà lára sítọ́ọ̀dù náà jẹ́ 10.9 ó kéré tán, kó wọ họ́ọ̀bù ní iye yíyí tá a sọ lókè, kí gọ́ọ̀mù tírẹ́ẹ̀dì sì mú un. Ẹ mú nọ́ọ̀tì tí ìdí rẹ̀ bá ríìmù yín mu. Bí sítọ́ọ̀dù bá ń bá nọ́ọ̀tì yí jáde nígbà tí ẹ bá ń tú u, ẹ fọ ọ́ kí ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bóòtù inú ọjà pọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Ẹ wo orí rẹ̀. 10.9 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. 8.8 kéré, èyí tí kò ní nọ́ńbà sì yẹ kó dúró sórí káúńtà ẹni tó ń tà á. Tòkunbọ̀ tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ sàn ju tuntun aláìlórúkọ lọ, bí kò bá tíì fà. Láti mọ̀, ẹ fi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí tírẹ́ẹ̀dì wọnú tírẹ́ẹ̀dì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín wọn kọjá níbì kan, ọ̀kan nínú wọn ti fà.

Mo ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ń gbọ̀n tàbí ó ń dún kò-kò.

Bó bá ń gbọ̀n láti bíi 80 kìlómítà ní wákàtí lọ sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ báláǹsì tàbí òrùka ìdíhò. Ìyẹn lè dé ilé fọ́kánáísà. Àmọ́ bó bá ń dún kò-kò nígbà tí ẹ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ìró náà sì ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára, bóòtù ti dẹ̀. Ẹ kúrò lójú títì lójú ẹsẹ̀, ẹ fọwọ́ kan bóòtù kọ̀ọ̀kan. Bí èyíkéyìí bá yí pẹ̀lú ìka, ẹ yọ ẹsẹ̀ náà, kí ẹ wo ihò ríìmù. Bí ihò bá ti gbòòrò tàbí tó ti rí gbọọrọ bí ẹyin, ríìmù yẹn ti parí iṣẹ́. Táyà àpọ̀jù ni kí ẹ fi délé.